Ọ̀gá Tó Ń Dúró Sẹ́yìn Àga: Lẹ́tà Mẹ́ta Látọ̀dọ̀ Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ̀ ń kọ̀wé sí wa. Lẹ́tà àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ló pọ̀ jù lóṣù yìí, mẹ́ta ni mo mú. Àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù torí mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ tó dé, mi ò rí oorun sùn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, dẹfẹ́lọ́pà ni mí, ìyẹn ẹni tó ń kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá, ₦350,000 ni owó oṣù mi, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà níbẹ̀. Ìkòròdú ni mò ń gbé, aago 5 ìdájí ni mo ti máa ń tò sórí ìlà BRT kí n lè dé ọ́fíìsì kí aago 8 tó lù, torí tó bá ti fi ìṣẹ́jú kan péré kọjá 8, wọ́n á yọ ₦2,000 nínú owó mi. Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó ohun tójú mi ń rí tí mo bá ti jókòó. Ọ̀gá wa ní ká máa kọ ohun tá a bá ṣe sórí WhatsApp ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, mítíìnì àárọ̀ tá a máa bẹ̀rẹ̀ ní 8:30 ò ní parí títí aago 10 á fi lù, tá a bá wá jókòó pé ká ṣiṣẹ́, ó ti dé sẹ́yìn àga mi nìyẹn. Mi ò kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀, òórùn lọ́fíńdà ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀. Á ní "kí ló dé tó o pa ìlà yẹn rẹ́?", èmi tí mo ṣì ń ronú lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi kóòdù ìlà 12 péré sílẹ̀ kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kọ́mẹ́ǹtì 47 ló kọ sí i. Ó ní kí n yí orúkọ kan nínú kóòdù yẹn, total, padà sí totalAmount, mo yí i. Ní ọjọ́ kẹta ó ní ta ló ní kí n kọ ọ́ báyẹn, kí n dá a padà sí total, níwájú gbogbo èèyàn ló wá ń bi mí pé ṣé mo lọ yunifásítì lóòótọ́ àbí mo kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lórí kíbọ́ọ̀dù. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sunday, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Tí fóònù bá dún báyìí, àyà mi á já, kódà kó jẹ́ màmá mi ló ń pè.

Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, pé ẹgbẹ́ mi tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ nígboro. Mi ò tíì ríṣẹ́ míì. Nǹkan kan tún ni pé sẹ́títífíkéètì yunifásítì mi, èyí tó jẹ́ ojúlówó, wà lọ́dọ̀ HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, látọjọ́ tí mo ti wọlé, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé kí n kúrò ni àbí kí n fara dà á? Àbí òótọ́ ni pé mi ò mọṣẹ́?

Ọwọ́ Mi Ń Gbọ̀n, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ìbéèrè tó o fi kádìí ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù. O mọṣẹ́. Ẹni tó ní kó o yí total sí totalAmount, tó tún wá ń bi ọ́ pé ta ló rán ọ níṣẹ́, ọkàn ẹ̀ ni ò balẹ̀, ara ẹ ló sì ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ sí. Kọ́mẹ́ǹtì 47 lórí ìlà 12! Mo ti ń kọ kóòdù fún ọdún tó ti lé ní mẹ́wàá, mo ti yẹ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àbúrò wò, kò sóhun tó wà nínú ìlà 12 tó gba ọ̀rọ̀ 47, àfi téèyàn bá ti pinnu pé òun ò ní fọkàn tán ẹni tó kọ ọ́.

Jẹ́ n sọ ohun tí kò yé ọ̀gá ẹ, kí ìwọ náà lè rí ọ̀rọ̀ sọ fún màmá. Kíkọ kóòdù dà bí ìgbà tí alájọ bá ń ka owó. Tó bá ti ka owó dé àárín, tẹ́nì kan wá pè é pé "ìyá, ẹ kú ọjà o", ó parí, látorí owó àkọ́kọ́ ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tá a máa ń kó sórí nígbà tá a bá ń wá ibi tí àṣìṣe wà nínú kóòdù pọ̀, iṣẹ́ yìí ń pe tọ̀hún, tọ̀hún ń dúró de ìyẹn, tí wọ́n bá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ ti dà nù. Ìwọ wá ṣírò ẹ̀: ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 30, láàárín wákàtí 8, ìgbà 16 nìyẹn lójúmọ́ tí wọ́n ń pe alájọ lórí owó, ká má tíì ka ti òórùn lọ́fíńdà. Kò sí bó o ṣe máa yára. Òun á wá rí i pé o ò yára, á tún wá sún mọ́ ọ sí i.

Ti mítíìnì àárọ̀ yẹn náà, tí wọ́n bá ń sọ fún yín pé Scrum làwọn ń ṣe, ìyẹn ìlànà kan tí ọ̀pọ̀ tíìmù fi ń pín iṣẹ́ kóòdù ṣe, ìṣẹ́jú 15 ni Scrum fún un, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ló sì wà fún, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí ọjọ́ wọn á ṣe lọ. Kò sí níbì kankan nínú ìlànà yẹn pé kí ọ̀gá jókòó bí adájọ́ fún wákàtí kan ààbọ̀ kó máa pe ẹ̀sùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ bó ṣe ń ṣe ọ́ torí mo ti jókòó sórí àga yẹn rí. Ọ́fíìsì kan ní Island ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó le débi pé mo máa ń mú bébà àti bírò wọ ilé ìyàgbẹ́ kí n lè ronú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ẹni tó ń mí sí mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan mo ya ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ra Panadol, obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ojú mi, ó ní kí n jókòó kóun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 150 lé lórí 100 ló kà. Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà yẹn. Obìnrin yẹn bi mí pé "àǹtí, ta ló ń lé yín?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí dòní.

Nítorí náà, ara ẹ ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú, kó o tó dé orí ọ̀rọ̀ òfin tàbí owó. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, inú tó ń ru nírọ̀lẹ́ Sunday, àyà tó ń já tí màmá bá pè, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kọ irú àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá síni lára báyìí sínú ìwé wọn láti 2019, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àjẹ́. Lọ rí dókítà. Mo mọ̀ pé tá a bá dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ á ní "Yaba left", bẹ́ẹ̀ láti 1907 nilé ìwòsàn yẹn ti ń tọ́jú àwọn èèyàn wa, dókítà tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa tó sì máa fún ọ lóògùn tó bá yẹ wà níbẹ̀, kò jìnnà síbi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Wọlé síbẹ̀ lójú mọmọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó di ṣé kó o kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni, kúrò. Ṣùgbọ́n má fi ìbínú kúrò, má sì kúrò lọ́wọ́ òfo tára ẹ bá ṣì lè gbé e fún bí oṣù mẹ́ta. Bí a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran.

Sẹ́títífíkéètì ni kó o kọ́kọ́ gbà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé o fẹ́ lọ, kí ọ̀rẹ́ ẹ tó gbọ́ pàápàá, kọ ímeèlì sí HR pé o fẹ́ gba ojúlówó ìwé ẹ padà, o máa fún wọn ní fọ́tókọ́pì. Má bá wọn jà, má ṣàlàyé jù. Tìẹ ni ìwé yẹn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi dógò. Tí wọ́n bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, jẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà kan sí wọn. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo lẹ́tà ẹ, ju ti kọ́mẹ́ǹtì lọ, ju ti WhatsApp lọ, torí ẹni tó bá mú ìwé ẹ dání ti ń sọ fún ọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun mọ̀ pé o máa fẹ́ sá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ra ìwé kékeré kan, kọ déètì, aago, ohun tó sọ, ẹni tó wà níbẹ̀. Sínú ìwé tìẹ ni o, kì í ṣe sínú láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, torí ọjọ́ tó o bá kúrò wọ́n lè tì í pa mọ́ ọ lójú láàárín ìṣẹ́jú kan. Má sì da kóòdù wọn sórí GitHub tìẹ, ibi tá a máa ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o! Mo bẹ̀ ọ́. Tiwọn ni kóòdù yẹn, òun ni wọ́n á fi mú ọ.

Gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀, òun nìkan, lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ bá tù. Sọ fún un pé: "Ọ̀gá, mo fẹ́ máa fi ohun tí mo ṣe hàn yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n lè ráyè fọkàn sí i láàárín. Ẹ jẹ́ ká dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí iṣẹ́ bá falẹ̀, màá padà sí ti WhatsApp." Tó bá gbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kóòdù ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ tí wọ́n fi sọ wọ́n di máníjà, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn béèyàn ṣe ń darí èèyàn, ẹni tó fowó sí iṣẹ́ náà sì ń lé àwọn náà léré. Tó bá wá pariwo mọ́ ọ, o ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà.

Owó ₦2,000 yẹn ńkọ́? Abala 5 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ò fàyè gbà á kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn ń bá wí jù, lọ́yà ọ́fíìsì lè ní irú iṣẹ́ tìẹ ò sí nínú ẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ò bá sí owó ìtanràn níbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ HR nínú ímeèlì pé ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, kó o tọ́jú èsì wọn. Wo iye ọjọ́ tí wọ́n ní o gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn ṣáájú kó o tó kúrò náà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń kọ oṣù kan. Tó o bá ti kọ̀wé tó o sì fún wọn lọ́jọ́ tó tọ́, kò sọ́gàá tó lè sọ pé òun ò gbà, àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Tọ́rọ̀ bá wá le, ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, National Industrial Court, wà ní Ìkòyí, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Nàìjíríà náà ti buwọ́ lu àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, tó lòdì sí ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́ láti 2022.

Ní báyìí, lálẹ́ òní, pe àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n ẹ. Ilé iṣẹ́ tó bá ní èèyàn 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ san án: ìdá 8 nínú 100 látọwọ́ ẹ, ìdá 10 látọwọ́ wọn, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Ọ́fíìsì tó ń yọ tìẹ tí ò san án wọlé pọ̀, o ò sì ní mọ̀ àfi tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá wá kúrò tó pé oṣù mẹ́rin tó ò ríṣẹ́ míì, òfin fún ọ láyè láti gbà tó ìdá 25 nínú ẹ̀. Kì í ṣe owó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ó lè san owó ilé.

Bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ báyìí, wákàtí kan lójúmọ́, nínú BRT pàápàá. Tí ọwọ́ yẹn bá wá ń gbọ̀n sí i, tí dókítà ní kó o sinmi, má dúró de oṣù kẹta. Sọ fún màmá pé ẹ̀gbọ́n kan ní àáké ò bà yín lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, kò sí oyin nínú àpáta yìí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Èmi ni mò ń darí àwọn dẹfẹ́lọ́pà 6 tó ń ṣiṣẹ́ látilé, Ìbàdàn ni mo wà. Ọ̀gá àgbà fẹ́ ká fi áàpù kan sórí kọ̀ǹpútà wọn tí á máa ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú 10-10, á tún máa ya ojú wọn náà. Ó ní àwọn èèyàn ń sùn. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Lídà, Bódìjà

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ má ṣe é.

Ẹ wo ohun tí áàpù yẹn máa rí. Á rí ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn ṣí báǹkì ẹ̀ kó lè fowó ilé ìwé ránṣẹ́, á rí ìyá tó gbọ́mọ sáyà, á rí ẹni tí NEPA mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́ tó lọ tan jẹnẹrétọ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nídìí iṣẹ́. Kò ní rí ẹni tó ń fi bírò ya nǹkan sínú bébà torí pé ó ń ronú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ niṣẹ́ gan-an wà. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi irú ẹ̀ ṣọ́, ó fi òwú so mouse ẹ̀ mọ́ fáànù tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, gbogbo ọjọ́ ni áàpù ń ròyìn pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin. Ohun tẹ́ ẹ máa rí rà nìyẹn.

Òfin náà wà níbẹ̀. Láti 2023 ni òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà, àjọ tó ń mójú tó o ń jẹ́ NDPC. Tẹ́ ẹ bá máa kó àwòrán àwọn èèyàn nínú ilé wọn, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kó, ẹ ò sì gbọdọ̀ kó kọjá ohun tẹ́ ẹ nílò. Ẹ bi ọ̀gá àgbà pé kí lẹ fẹ́ fi ojú ọmọ yẹn ṣe ní ìgbà mẹ́fà ní wákàtí kan? Ẹ jẹ́ kó dáhùn.

Ẹ wá gbé nǹkan míì síwájú ẹ̀, torí ẹ̀rù tó ń bà á náà kì í ṣe irọ́, owó ló ń san. Ẹ sọ pé ọjọ́ Friday-Friday, ẹ máa fi iṣẹ́ tó ti dọ́wọ́ àwọn oníbàárà hàn án, èyí tó padà wá torí àṣìṣe, àti èyí tó dúró àtohun tó dá a dúró. Tẹ́nì kan bá ń sùn lóòótọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á hàn níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa pè é, kì í ṣe áàpù.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi, Manchester ni mo wà, físà Skilled Worker, èyí tí ilé iṣẹ́ tó gbà mí ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀, ni mo fi ń ṣiṣẹ́ kóòdù. Nínú tíìmù wa èèyàn mẹ́jọ, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú, èmi nìkan ni máníjà ní kí n máa tan kámẹ́rà láti àárọ̀ dalẹ́, èmi nìkan ló ń kọ ìròyìn ní wákàtí-wákàtí. Mo bímọ méjì. Tí mo bá fi sílẹ̀, ṣé wọ́n á lé wa padà ni?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

ÌDÁHÙN

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office, àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ físà níbẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, àwọn náà sì máa ń kọ̀wé gé físà kù, ọjọ́ 60 ni wọ́n sáábà máa ń fúnni láti fi rí onígbọ̀wọ́ tuntun. Ọjọ́ 60 kì í pẹ́ pé. Ibi tẹ́ ẹ wà yìí ni kẹ́ ẹ ti wáṣẹ́, orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba èèyàn pẹ̀lú físà wà lórí GOV.UK fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kí wọ́n tó fọwọ́ sí físà tuntun.

Èyí tẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin nìkan, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ọ̀gá tó ń ṣọ́ni jù. Equality Act ti 2010, òfin wọn tó lòdì sí ẹ̀tanú, ló kàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí kámẹ́rà ẹ̀ wà ní pípa, déètì, ohun tí máníjà kọ sí yín nínú Slack, áàpù tẹ́ ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Kẹ́ ẹ wá pe ACAS, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní béèrè físà yín. Ẹ tètè pè wọ́n, torí àkókò tí òfin fún yín láti fi pẹjọ́ kúrú, mo ti rí ẹni tó ń ro ó títí tí oṣù mẹ́ta fi kọjá lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan, ẹ sọ fún wọn náà kí ẹnì kan lè jókòó tì yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹjọ́ sùn.

Ẹ kọ̀wé sí mi padà tẹ́ ẹ bá ti pè wọ́n, ẹ jẹ́ n mọ ohun tí wọ́n sọ.